Agbẹjọ́rò Àwọn Aláìlẹ́nu: Thomas Erskine

Ẹran tí a ń nà kò lè pe ẹni tí ń nà án lẹ́jọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí, bí ènìyàn bá pa ẹṣin ẹlòmíràn lára, lójú òfin, ẹni tí ó ni ẹṣin ni ó ṣẹ̀, kì í ṣe ẹṣin. Agbẹjọ́rò ni Thomas Erskine, ó sì ṣe olórí ètò ìdájọ́ ilẹ̀ náà láti 1806 sí 1807. Ní 1809, ó gbé àbá òfin tako ìwà ìkà sí ẹran lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá. Àwọn ọlọ́lá gbà á. Ilé àwọn aṣojú ìlú kọ̀ ọ́. Ní 1822, Richard Martin, aṣojú Galway, gbé irú rẹ̀ dìde, Erskine gbè é lẹ́yìn, ó sì di òfin: ẹni tí ó bá hùwà ìkà sí màlúù, ẹṣin tàbí àgùntàn yóò san owó ìtanràn. Erskine kú ní 1823. Ohun tí ó jà fún ni òwe wa ń wí: ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.