Níbo Ni Honda Àtijọ́ Wọlẹ̀ Sí?

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀kadà sáré bọ̀ wá sí lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ láti Ìyànà-Ìbà àti Okokomáíkò, ẹ kú ìrìn o. Ọdún 1983 ni wọ́n dá LASU wa yìí sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Gabriel Igbinedion dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air sílẹ̀, tó fi orúkọ ìlú rẹ̀, Okada, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, sọ ọ́. Nígbà tí aráàlú rí bí alùpùpù ṣe ń fò kọjá láàárín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bí ẹni pé ojú sánmọ̀ ló wà, wọ́n ní ọ̀kadà nìyí. Ọkọ̀ òfuurufú náà kógbá wọlé ní 1997, alùpùpù sì jogún orúkọ.

Ìtàn orúkọ yẹn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ìtàn irin gan-an ni wọn kì í pa fún wa. Rago lédè Haúsá, àgbò ni. Ọjà àgbò ló sọ Àlàbá Rago lórúkọ kí ẹ̀rọ àlòkù àti irin àlòkù tó kún ibẹ̀. Ẹ bi àwọn ọlọ́kadà tó ti dàgbà ní agbègbè náà, yálà Àlàájì tó wá láti òkè Ọya ni o, tàbí ọmọ Àwórì onílé. Orin kan náà ni wọn yóò kọ fún yín: máṣíìnì ìsinsìnyí, páálí ni. Kì í ṣe pé àgbà kàn ń yin àná o. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà owó Udoji. Láàárín 1974 sí 1975 tí ìjọba Gowon fi owó kún owó oṣù, tí wọ́n sì san àjẹẹ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé káńsù ló fi ra alùpùpù. Nígbà yẹn, máṣíìnì kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń gbèrò. Ohun iyì ni. Suzuki wà, Yamaha wà, Vespa wà, Honda 175 sì wà. Honda 175 yẹn ni mo ń pè ní alágbedeméjì: kò tóbi tó èyí tí ọlọ́pàá fi ń ṣíwájú mọ́tò gómìnà, kò sì kéré débi tí òkè yóò fi dá a dúró. Ó gbé ọkọ, ó gbé ìyàwó, ó gbé àpò gaàrí lé e.

Ní 1976 ni Honda gbé CG125 jáde. Ẹ gbọ́ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀: wọ́n ti rí i pé ní àwọn ìlú bíi tiwa, èèyàn ń di ẹrù tó ju agbára máṣíìnì lọ lé e, kì í sì í rántí pààrọ̀ ọ́ìlì. Wọ́n bá yọ ṣéènì kékeré inú ẹ́ńjìnnì kúrò, wọ́n fi ọ̀pá irin rọ́pò rẹ̀, kí ìyà má baà tètè pa á. Ní 1979, Honda dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Lórí títì tiwa níhìn-ín, Volkswagen ti ń to mọ́tò láti 1975. Ó wá dà bíi pé irin ti di ọmọ ilé.

Ni SAP bá dé. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní September 1986, ìjọba Babangida tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, ọdún yẹn kò sì tíì parí tí dọ́là kan fi lé ní náírà mẹ́ta. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó ń tọ́jú owó láti ra Honda tuntun, owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́, Honda ti sá lọ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, bọ́ọ̀sì di ọ̀wọ́n. Ẹni tó ní alùpùpù nílé bá gbé e síta láti fi wá oúnjẹ. Máṣíìnì tí tíṣà ń gùn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ wá ń sáré láti ìdájí di òru. Volkswagen náà padà kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó ku orúkọ lẹ́nu kọ̀ńdọ́: “Volks wà o!”

Àyè tó ṣófo yẹn ni máṣíìnì Ṣáínà rìn wọ̀. Jincheng ni aráàlú mọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ wọn: AX100 tí Jincheng ṣe, ara Suzuki ló ti jáde, ẹ́ńjìnnì CG125 náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ló ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tó dun àwọn ọlọ́kadà jù nìyẹn: ojú jọ Honda, ìwà kò jọ ọ́. Wọ́n ní irin fúyẹ́, wọ́n ní ilé mẹkáníìkì ti di ilé kejì. Àmọ́ ẹni tí kò bá má ra Honda láéláé, tó jẹ́ pé Jincheng ló fi san owó ilé-ìwé ọmọ, ṣé ó yẹ kó bú u? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Bajaj Boxer ti Íńdíà dé, ó sì gba ìgboro. Kì í ṣe pé ó lágbára ju Honda 175 lọ. Epo ló fi ṣẹ́gun: ẹ́ńjìnnì kékeré, epo kékeré. Ní 2011, Honda gbé Ace CB125 jáde láti Ọ̀tà, olówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n Boxer ti jókòó. Nígbà tí wọ́n sì yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, tí lítà kan fò láti bíi náírà 190 kọjá 480, ta ló tún máa bèèrè alágbedeméjì?

Kì í ṣe àwa nìkan o. Lókè òkun, máṣíìnì eré sísá alágbedeméjì, àwọn 600, ló ń pa àwọn ọ̀dọ́ bí ọtí nígbà kan: Honda CBR600F ní 1987, Yamaha R6 ní 1999. Òfin èéfín le sí i, owó ìnṣọ́ráǹsì gòkè, àwọn tó ń gùn ún dàgbà. Yamaha dá R6 ti ojú títì dúró ní Yúróòpù lẹ́yìn 2020. R7 tí wọ́n gbé jáde ní 2021, sílíńdà méjì ló ní dípò mẹ́rin, agbára rẹ̀ kò sì tó ti R6. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bínú. Honda dá CBR600RR padà síbẹ̀ ní 2024 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà tó ti tú kì í kún lójijì. Òyìnbó ń sunkún R6, Àlàájì ń sunkún Honda 175. Ẹkún méjèèjì jọra. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òyìnbó fi tirẹ̀ ṣeré lópin ọ̀sẹ̀, Àlàájì fi tirẹ̀ jẹun.

Òfin náà kò jẹ́ kó rọrùn. Ní 2012, Èkó lé ọ̀kadà kúrò lójú ọ̀nà 475. Ní June 2022, wọ́n lé e pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ní September wọ́n fi mẹ́rin kún un. Ọ̀jọ́ kò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ṣùgbọ́n rélùwéè Blue Line ti ń ná Marina sí Mile 2 láti September 2023, Okokomáíkò ni wọ́n sì là á sí.

Mo ti rí ẹ́ńjìnnì Honda àtijọ́ ní Àlàbá Rago tí wọ́n ń fi ìwọ̀n tà bí irin lásán, nọ́ńbà ṣì wà lára rẹ̀ ketekete. Ìwé ìtàn wa kún fún ọba àti ológun. Kò ní ojú-ewé fún irin tó rán àwọn kan nínú wa wá sí yunifásítì. Àwọn tó gùn ún ti ń darúgbó, ohun tí wọ́n mọ̀ kò sì sí nínú láíbìrì kankan. Nítorí náà, bí ẹ bá tún gun ọ̀kadà, ẹ bi ẹni tó gbé yín léèrè máṣíìnì àkọ́kọ́ tó gùn, iye tó rà á, àti ohun tó fi í ṣe. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.