Láti Owó Orí dé Àṣẹ Ààbò: Ìwà Ipá nínú Ilé ní Kóòtù Ìbílẹ̀, Kóòtù Gbogboogbò àti Ilé-Ẹjọ́ Àkànṣe

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ 'kóòtù' tó wà nínú òwe náà fi hàn pé kò lè pẹ́ ju ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ilé-ẹjọ́ tiwọn dé lọ, ó kéré tán bí a ṣe ń pa á lónìí. Ohun tó ń sọ ni pé ẹjọ́ máa ń ba àjọṣe jẹ́. Nínú ọ̀ràn ọkọ tó ń lu ìyàwó rẹ̀, òwe yìí kan náà ni ẹbí, ọlọ́pàá, àti adájọ́ nígbà mìíràn, fi ń dá obìnrin padà sí ilé tó sá kúrò. Ìbéèrè tó yẹ ká bi òwe náà ni pé: bí ilé bá ti di ibi ìyà, ọ̀rẹ́ wo ló tún kù tí a ń dá sí?

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ àwọn ibi tí obìnrin Yorùbá ti ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ wò, láti ayé agbo ilé títí di òní: ọ̀dọ̀ baálé, kóòtù ìbílẹ̀, kóòtù májísíréètì àti ilé-ẹjọ́ gíga, àti ilé-ẹjọ́ àkànṣe tó wà ní Ìkẹjà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Èrò wa ni pé ìbéèrè tí ilé-ẹjọ́ kọ́kọ́ bi ẹni tó wá ké sí i ló ń pinnu irú ìdájọ́ tí onítọ̀hún yóò rí gbà, orúkọ tí ilé-ẹjọ́ náà ń jẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Agbo ilé béèrè ohun tí a ó ṣe kí ilé má baà tú. Kóòtù ìbílẹ̀ béèrè iye owó tí a ó dá padà. Kóòtù májísíréètì béèrè bóyá ẹ̀sùn ọ̀daràn fìdí múlẹ̀. Ìbéèrè tó pẹ́ jù lọ kó tó dé ni èyí: báwo ni obìnrin yìí yóò ṣe sùn láìséwu lálẹ́ òní?

Agbo ilé àti àkọsílẹ̀ Johnson

Samuel Johnson, tó kú ní 1901, tí ìwé rẹ̀ The History of the Yorubas sì jáde ní 1921, sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn Yorùbá débi pé a lè kà á sí ohun tí kò sí. Síbẹ̀, nígbà tó ń ka ìwọ̀nba ìdí tí a fi lè tú ìgbéyàwó ká, ó dárúkọ ìwà ìkà ọkọ tó bá pọ̀ lápọ̀jù, tí ẹlẹ́rìí sì wà fún un. Ó fi kún un pé a gbọ́dọ̀ ti gbìyànjú gbogbo ọ̀nà ìlàjà tán kí a tó gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá sì kọ ọkọ kò lè fẹ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó bófin mu. Òwe tó fi gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ ni pé a kì í ṣú opó alààyè.

A ní láti fi ìṣọ́ra ka àkọsílẹ̀ yìí. Àlùfáà Kristẹni ni Johnson. Ohun tó pè ní ṣíṣọ̀wọ́n lè jẹ́ bí àwọn àgbà ṣe fẹ́ kí ayé rí ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ṣùgbọ́n kókó méjì dúró ṣinṣin níbẹ̀. Èkíní ni pé òfin ìbílẹ̀ mọ̀ pé ìyà ọkọ ní ààlà. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé àṣà Yorùbá fún ọkọ láyè láti na aya bó ṣe wù ú kò rí Johnson fi ṣe ẹlẹ́rìí. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀. Nínú agbo ilé, ẹlẹ́rìí kì í wọ́n. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ìyálé wà níbẹ̀, àwọn àbúrò ọkọ àti àwọn ìyàwó ilé yòókù náà ń gbọ́. Obìnrin lè sá wọ yàrá ìyá ọkọ, kí ọwọ́ ọkọ má sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹbí ọkọ ni gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí, ẹbí ọkọ náà ló sì ń dájọ́. Bí ó bá padà sí ilé bàbá rẹ̀, orúkọ tó ń dúró dè é ni dálémosú, orúkọ tó di ẹ̀bi ilé tó tú lé obìnrin lórí láìbéèrè ohun tó lé e jáde.

Kóòtù ìbílẹ̀: nígbà tí ọgbẹ́ di owó

Ìjọba amúnisìn yí ọ̀nà yìí padà. Òfin Ilé-Ẹjọ́ Àgbà ti 1876 ní Èkó gba àwọn adájọ́ láyè láti lo òfin ìbílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kò bá tako ẹ̀tọ́ àdánidá àti ẹ̀rí ọkàn rere. Òfin Ìgbéyàwó ti 1884 dá ìgbéyàwó alárédè sílẹ̀ lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìsopọ̀ Gúúsù àti Àríwá, Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ ti 1914, lábẹ́ Lugard, pín àwọn kóòtù ìbílẹ̀ sí ìpele mẹ́rin, láti A dé D. Ọba, baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè ló jókòó níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Wọn kò gba lọ́yà láyè. Ẹnu obìnrin fúnra rẹ̀ ló fi ń ro ẹjọ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin sì rọ́ lọ síbẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ gba ipò gíga nínú iṣẹ́ àwọn kóòtù wọ̀nyí, ìráhùn àwọn ọkọ àti àwọn àgbà ìlú pé ìjọba òyìnbó ń ba ìyàwó jẹ́ sì wọ inú àkọsílẹ̀. Bí ẹjọ́ náà ṣe ń lọ kò le. Obìnrin á ní òun kò fẹ́ mọ́. Kóòtù á béèrè ẹni tó gba owó orí, iye tó jẹ́, àti ohun tí ọkọ ná lórí ìdáná. Wọn á ṣírò rẹ̀, wọn á sì pàṣẹ kí a dá a padà. Bí owó bá ti pé, ìgbéyàwó ti tú.

Ó yẹ ká mọ rírì ohun tí ọ̀nà yìí mú wá. Obìnrin kò ní láti fi ẹ̀rí hàn pé ọkọ jẹ̀bi. Ó lè jáde láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí ọkọ. A lè sọ pé ìlẹ̀kùn tí Johnson sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sí ti wá ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bàbá tó ti ná owó orí ọmọ rẹ̀ a máa rọ̀ ọ́ pé kó padà, nítorí òun ni gbèsè ń dúró dè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin mìíràn tó fẹ́ fẹ́ ẹ ló ń san owó náà, èyí tó túmọ̀ sí pé kí obìnrin tó lè bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan, ó ní láti rí ọkùnrin kejì. Ìyàwó tí kò ní ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì, tí òwò tirẹ̀ kò sì gbé owó náà, kò ní ibì kan tí yóò sá sí.

Lékè gbogbo rẹ̀, ìdájọ́ náà kò sọ nǹkan kan nípa lílù. Obìnrin lè fi ojú tó wú hàn àwọn ìjòyè, kó sì sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí akọ̀wé kóòtù yóò kọ sí òpin ẹjọ́ ni iye owó. Ọkọ tó lu aya rẹ̀ kì í san owó fún lílù. Òun gan-an ni a ń san owó fún. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún òpìtàn tó bá ń ka ìwé kóòtù: bí ó bá ka ìdájọ́ nìkan, yóò rò pé ọ̀rọ̀ owó ni gbogbo ẹjọ́ náà. Inú ẹ̀rí tí obìnrin fẹnu ara rẹ̀ sọ ni ìyà náà fara pamọ́ sí.

Ẹjọ́ kan tó di mẹ́ta

Ní 1957, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin kóòtù ìbílẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ìṣirò owó orí kò kúrò nílẹ̀. Ìgbéyàwó alárédè bọ́ sí abẹ́ òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó ti 1970, ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló sì lè tú u ká. Abala 16 òfin náà ka oríṣiríṣi ẹ̀rí tí a fi lè mọ̀ pé ìwà ọkọ tàbí aya kò ṣeé fara dà mọ́. Níbi tó ti dárúkọ ìpalára ńlá, ó béèrè pé kí ilé-ẹjọ́ ti dá ẹni náà lẹ́bi ọ̀daràn láàárín ọdún kan ṣáájú kí a tó pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí ní láti ti gba kóòtù mìíràn kọjá.

Kóòtù mìíràn náà ni ti ẹjọ́ ọ̀daràn, ọlọ́pàá ló sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí wọ́n lọ yanjú ẹ̀ nílé, ẹjọ́ ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá dé ọ̀dọ̀ adájọ́, olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀ kọjá iyèméjì, lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Agbo ilé ti fọ́ sí yàrá kan ní ìgboro. Ẹlẹ́rìí tó pọ̀ láyé Johnson kò sí mọ́. Báyìí ni ẹjọ́ kan ṣe di mẹ́ta: ìkọ̀sílẹ̀ níbí, ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ọmọ àti owó oúnjẹ níbòmíràn. Adájọ́ kọ̀ọ̀kan ń rí apá kan, kò sí ẹni tó rí ewu náà lódindi.

Èkó 2007 àti ilé-ẹjọ́ Ìkẹjà

Ní 2007, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ààbò lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin tó ka ìwà ipá sí ẹni léèwọ̀ ní 2015. Òfin Èkó jọ ti Gúúsù Áfíríkà ti 1998 gan-an. Ó fi ìyà ara, ìfipábánilòpọ̀, èébú àti ìdẹ́rùbani, ìfowófìyàjẹni àti títẹ̀lé ènìyàn kiri sínú ohun tó ń jẹ́ ìwà ipá. Ó gba òṣìṣẹ́ ìlera, olùkọ́ tàbí ọlọ́pàá láyè láti ké gbàjarè dípò ẹni tí ìyà ń jẹ, bí onítọ̀hún bá fọwọ́ sí i. Ilé-ẹjọ́ lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ bí ìdúró bá lè mú ìnira wá. Ó lè pàṣẹ kí ọkọ má wọ ilé tí wọ́n jọ ń gbé. Ó sì lè fún obìnrin ní àṣẹ ààbò onígbà díẹ̀ kí ọkọ tó wí tẹnu rẹ̀.

Kókó ìkẹyìn yìí ló ń bí àríyànjiyàn jù, torí Yorùbá gbà pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àtakò náà wúwo, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ tì. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òwe náà gan-an: ó ń bá ẹni tó dá ẹjọ́ wí. Àṣẹ onígbà díẹ̀ kò dá ẹjọ́. Ó ní ọjọ́ tí a ó pe ọkọ wá wí tẹnu rẹ̀, kò sì pè é ní ọ̀daràn. Àgbà tó bá rí ẹni tó gbé igi lé ọmọnìkejì lórí á kọ́kọ́ gba igi náà, kó tó béèrè ohun tó dá ìjà sílẹ̀.

Ó ṣe pàtàkì láti rí i pé ilé-ẹjọ́ gbogboogbò, ìyẹn kóòtù májísíréètì àti ilé-ẹjọ́ gíga, ni òfin 2007 fi àṣẹ yìí lé lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ àkànṣe fún ìwà ipá nínú ilé àti ìbálòpọ̀ tó lòdì sófin dé sí Ìkẹjà. Àǹfààní ilé-ẹjọ́ àkànṣe hàn kedere: adájọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ kan náà lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ mọ ìdí tí ẹni tí ìyà ń jẹ fi ń dákẹ́, ìdí tó fi ń padà, àti ìdí tó fi ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọ̀daràn ni ilé-ẹjọ́ náà ń gbọ́, àwọn ẹjọ́ tí ìwé ìròyìn sì ń gbé jáde láti ibẹ̀ jẹ́ ti ìfipábánilòpọ̀ àti bíba ọmọdé jẹ́ ní pàtàkì. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ìyàwó tí ọkọ ń lù, tí kò fẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, àmọ́ tó fẹ́ sùn láìbẹ̀rù, kì í ṣe ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Kóòtù ìbílẹ̀ àdúgbò rẹ̀ ló ń lọ, láti lọ sọ pé òun kò ṣe mọ́.

Ohun tí Brazil kọ́ wa

Brazil, níbi tí ọ̀pọ̀ ìran Yorùbá wà, pàápàá ní Bahia, ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá. Ní 1985 ni São Paulo ṣí àgọ́ ọlọ́pàá àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin. Ní 1995, òfin nọ́ńbà 9.099 dá ilé-ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké, kí ẹjọ́ lè yá. Lílù ìyàwó bọ́ sínú agbada kan náà. Lábẹ́ òfin yìí, ọkọ tó lu aya lè fi apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tọrẹ fún àwọn aláìní, kí ẹjọ́ sì parí. Bí ọgbẹ́ ṣe di owó ní kóòtù ìbílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ náà ló di ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́hùn-ún. Ilé-ẹjọ́ àkànṣe sì ni, kì í ṣe ti gbogboogbò.

Maria da Penha Maia Fernandes ni ọkọ rẹ̀ yìnbọn lù ní Fortaleza ní 1983, tí kò sì lè rìn mọ́ láti ìgbà náà. Ọkọ náà kò dé ẹ̀wọ̀n títí di 2002, lẹ́yìn tí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lápapọ̀ ti bá ìjọba Brazil wí ní 2001. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ obìnrin yìí jáde ní oṣù kẹjọ 2006. Ó ka ìjìyà apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ léèwọ̀. Ó dá ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ níbi tí adájọ́ kan náà ti lè gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn àti ọ̀rọ̀ ẹbí pọ̀, ó sì fún un ní wákàtí 48 láti pinnu lórí ẹ̀bẹ̀ ààbò. Ó ní níbi tí irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò bá tíì sí, kí àwọn adájọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn máa lo agbára méjèèjì. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Brazil fi òfin náà múlẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn yìí kọ́ wa pé ilé-ẹjọ́ àkànṣe lè ṣe ọgbẹ́ ní ohun yẹpẹrẹ, kí kóòtù gbogboogbò tó ní àṣẹ tó yẹ lọ́wọ́ sì dáàbò boni. Nítorí náà, kíkọ́ ilé-ẹjọ́ àkànṣe sí ìlú ńlá kan kò tó. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé kóòtù ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ló yẹ kí ìbéèrè tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí a tó ṣírò owó orí, kí ààrẹ kóòtù béèrè bóyá lílù wà. Bí ó bá wà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi obìnrin náà ránṣẹ́ sí májísíréètì tó lè fún un ní àṣẹ ààbò lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé ni èyí ń fẹ́, àti ẹni tí yóò gbé e lọ. Kò dìgbà tí a bá kọ́ ilé tuntun.

Òótọ́ ni pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Obìnrin tó gbé ojú wíwú wá síwájú àwọn ìjòyè ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò nílé.