Eré Ìdárayá fún Àgbàlagbà Tí Kò Lè Gbé Oúnjẹ Mì Dáadáa

A máa ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sọ pé “ọjọ́ orí ni” bí bàbá tàbí ìyá wọn bá ń wúkọ́ nídìí oúnjẹ. Ó lè jẹ́ pé iṣan ọ̀fun ló ti dẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ náà a máa fà á. Oúnjẹ tó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró lè di òtútù àyà, ìyẹn sì ń pa àgbàlagbà.

Ọ̀kan lára eré ìdárayá tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ ni èyí tí Dókítà Reza Shaker gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997. Aláìsàn yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ láìlo ìrọ̀rí, yóò gbé orí nìkan sókè títí yóò fi rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Èjìká kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Yóò dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1, yóò sinmi ìṣẹ́jú 1, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, yóò gbé orí sókè sọ̀kalẹ̀ nígbà 30. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni, fún ọ̀sẹ̀ 6. Èyí ń fún iṣan abẹ́ àgbọ̀n lágbára, kí ọ̀nà oúnjẹ lè ṣí dáadáa.

Kò wà fún ẹni tí ọrùn ń dùn. A rọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, ẹ má sì rọ ẹ̀kọ fún wọn ní ìdùbúlẹ̀.