Bí Ojú Ṣe Ń Kọ́ Ojú Nídìí Iṣẹ́ Fótò

Ní Gbàgádà lónìí, láti ẹ̀bá títì tó lọ sí Òṣòdì títí wọ inú Sólúyì àti Ìfàkọ̀, kò sí ọjọ́ Sátidé kan tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́rùn kì í kọjá lọ sí òde ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro láti rí ẹyọ kan nínú wọn tí kò ní ayàwòrán kan, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, tí ó ń wo iṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù kí ó tó sùn, tí ó ń wá ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tí ó sì fi èkejì sílẹ̀. Èyí kò burú. Bí iṣẹ́ yìí ti ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere fún wọn, púpọ̀ nínú wọn ni yóò béèrè pé ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé Kétu, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kósọ́fẹ́ kan náà tí a ka Gbàgádà mọ́, ni bàbá náà fi ṣe ibùgbé, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣiṣẹ́. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Iṣẹ́ fótò kì í ṣe iṣẹ́ tí a bá lọ́wọ́ Odùduwà. Ní ọdún 1839 ni wọ́n kéde rẹ̀ fáyé gbọ́ ní Páríìsì, kò sì pẹ́ lọ títí tí ọkọ̀ òkun fi gbé e dé etíkun wa, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú ti gbà á mọ́ òyìnbó lọ́wọ́ kí ọ̀rúndún náà tó rékọjá. Ọmọ Ọ̀tà Awórì ni Herzekiah Andrew Shanu, ẹni tí ó lọ sí ilẹ̀ Kóńgò ní 1884, tí ó sì ya fótò ilẹ̀ náà nígbà tí ọba Bẹ́ljíọ̀mù ń fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣòwò rọ́bà. Ọmọ ìlú Ákírà (Accra) ni Neils Walwin Holm, tí a bí ní 1866. Ó ti ń jẹ nídìí iṣẹ́ yìí ní ìlú rẹ̀ kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ wá sí Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, ní 1896, tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ọlọ́lá ń lọ bá kí wọ́n tó lọ bá ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn aṣáájú wọ̀nyí, George S. A. da Costa ni ọkàn mi fà sí jù lọ. Ọmọ Èkó ni, 1853 ni wọ́n bí i, láti 1877 di 1895 ni ó sì fi ṣe alábòójútó ilé ìtàwé CMS, ipò tí ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ láyé ọjọ́un lè jókòó tì títí ewú yóò fi gba orí rẹ̀. Nígbà tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbèrò àtifẹ̀yìntì, ni ó fi iṣẹ́ ìwé sílẹ̀, tí ó ná ọgbọ̀n pọ́n-ùn lórí kíkọ́ iṣẹ́ fótò, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn ayé ìgbà náà kì í ṣe owó ọmọdé. Ọkùnrin náà mọ̀ pé bí ènìyàn tilẹ̀ mọ̀wé tó báyìí, ojú kò lè kọ́ ara rẹ̀ ní ohun tí kò rí rí. Ó sanwó, ó tẹríba, ó sì kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ń la ilẹ̀ Òkè Ọya, tí wọ́n sì ń tẹ́ irin ojú ọ̀nà rélùwéè, kámẹ́rà da Costa wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí wá wọ inú ètò tí àwa Yorùbá ti ní fún alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ àti agbẹ́gilére láti ọjọ́ tó ti pẹ́: ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́, àti ọjọ́ ìyọ̀ǹda tí a ń pè ní fírídọ́ọ̀mù. Èkó ni Solomon Osagie Alonge, ọmọ Ìbíní, wá ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, láàárín 1920 sí 1930, tí ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Albert Achilles Taylor. Nígbà tí ó padà sílé, òun ni ó kọ́kọ́ di ayàwòrán ààfin Ọba Ìbíní, ní 1942 ni ó sì ṣí Ideal Photo Studio, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń to ara wọn níwájú kámẹ́rà pẹ̀lú aṣọ tó dára jù nínú àpótí wọn. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ iṣẹ́ Èkó ni ó ya ojú ààfin Ìbíní fún gbogbo ayé rí.

Kí ni ọmọ iṣẹ́ ń ṣe? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń pọnmi. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ti ń fọ fótò kò lè mọ̀ pé omi ni ìdajì iṣẹ́ náà. Òun ni ó ń gbálẹ̀ ìsọ̀, tí ó ń ta kọ́tínnì aláwòrán tí a fi ṣe ẹ̀yìn, tí ó ń gbé àga, tí ó ń fa etí agbádá oníbàárà kí ó tẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ni ọ̀gá tó lè pè é wọ yàrá òkùnkùn, níbi tí iná pupa kékeré kan ti ń jó bí ojú ológbò, tí abọ́ mẹ́ta sì wà lórí tábìlì. Ọ̀gá a tẹ pépà funfun báláú bọ inú omi abọ́ kìíní, a sì máa fi ìka kan mi abọ́ náà jẹ́jẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, kò ní sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni fìlà yóò kọ́kọ́ yọ, nítorí pé ó dúdú; irun yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ojú méjèèjì, imú yóò sì wá so wọ́n pọ̀. Bí a bá tètè yọ ọ́, yóò rí ràkọ̀ràkọ̀ bí eérú. Bí a bá pẹ́ jù, oníbàárà yóò dà bí ẹni tí ó ti inú àrò jáde. Kò sí aago tí ó lè kọ́ ọmọ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an bí kò ṣe wíwo ọwọ́ ọ̀gá, títí pépà yóò fi kọjá sínú abọ́ háípò tí yóò mú un dúró. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ òkùnkùn kí ó má dá òṣùpá lóró. Mo gbà pé iṣẹ́ òkùnkùn kan ṣoṣo tí olè kò sí nínú rẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn tí oòrùn fi wọlé, ohun tí ọ̀gá yóò wí fún un kò dùn ún kọ sínú ìwé.

Ilé-ẹ̀kọ́ kejì wà lóde, níwájú ìsọ̀: àpótí onígíláàsì tí ọ̀gá ń to àwọn fótò tó bá dùn mọ́ ọn nínú jù sí. Ìkéde ọjà ni fún oníbàárà, ìwé kíkà ni fún ọmọ iṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ iṣẹ́ ìsọ̀ kejì ti ń yọ́ wá wo ohun tí ọ̀gá tirẹ̀ kò mọ̀. Nígbà tí Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, lọ wo iṣẹ́ àwọn onífótò ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, ó rí i pé àgbàlagbà kì í jókòó wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀ fún fótò: yóò kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, yóò fi ọwọ́ lé orúnkún, aṣọ yóò tẹ́, ẹsẹ̀ yóò hàn, gẹ́gẹ́ bí ère tí àwọn agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ kí kámẹ́rà tó dé. Ó tún rí fótò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ sọ́run kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, onífótò yóò ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì fi ọgbọ́n yàrá òkùnkùn tẹ ojú méjèèjì sórí pépà kan, kí ìyá wọn lè rí Táyé àti Kẹ́hìndé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọgbọ́n yìí kò sí nínú ìwé tó ń bá kámẹ́rà wá láti òkè òkun. Ọ̀gá ni ó ń fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ojeikere kò rí ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i sí Ovbiomu-Emai, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó báyìí, nígbà tí ó sì di 1950, ó ra kámẹ́rà Brownie D, èyí tí kò ní iná rárá, aládùúgbò kan ni ó sì fi bí wọ́n ti ń lò ó hàn án. Ìwọ̀nba ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ nìyẹn. Ohun tí ó mú kí n fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ni àwọn lẹ́tà tí ó kọ: ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ó tún kọ, kò sì ṣíwọ́ títí wọ́n fi gbà á ní 1954. Kì í ṣe ayàwòrán ni wọ́n fi í ṣe. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá òkùnkùn ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń fọ fótò àwọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́ ń rí ohun tí àwọn tó yà á gan-an kò rí: ó ń rí ibi tí ọ̀gá ti kùnà, ó sì ń rí ibi tí orí ti bá a ṣe é. Ní 1961, ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1959. Ní 1963 ó wọ Èkó, ó di ayàwòrán fún West Africa Publicity, níbi tí ó wà títí di 1975 tí ó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀, Foto Ojeikere.

Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ ohun tí yóò mú orúkọ rẹ̀ kọjá òkun. Irun orí àwọn obìnrin ni ó ń yà. Bí ó bá rí obìnrin tí irun rẹ̀ dùn mọ́ ọn lójú títì, ní ibi iṣẹ́ tàbí ní òde àríyá, yóò bẹ̀ ẹ́, yóò sì yà á, lọ́pọ̀ ìgbà láti ẹ̀yìn, tí ẹni náà kò ní fojú hàn wá rárá, kí ìpàkọ́, ọrùn àti èjìká lè gbé irun náà dúró bí ìdí ọpọ́n ti ń gbé ère. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní kọ́tínnì òdòdó, kò ní àga, funfun lásán ni. Ṣùkú wà níbẹ̀, Star Koroba wà níbẹ̀, irun òwú tí wọ́n ń pè ní Onílé Gogoro náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn onídìrí fi ń bá àwọn ilé alájà púpọ̀ tí ń yọ sókè ní Èkó lẹ́yìn òmìnira díje. Ó mọ̀ pé irun kì í pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tú u, àṣà mìíràn á sì dé. Nítorí náà ni ó ṣe ń kọ orúkọ dídì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí àkójọ náà sì fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ní ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ ọnà Fondation Cartier pàtẹ wọn ní Páríìsì, ìpàtẹ Biennale ti Fẹ́nísì sì pè wọ́n ní 2013.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ ayàwòrán ti ń fara wé e. Wọn yóò di òwú sí ọmọbìnrin kan lórí, wọn yóò ta aṣọ funfun, wọn yóò sì yà á láti ẹ̀yìn. Mo ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n a kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ojeikere kò dá irun kankan sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Ohun tó ń kọjá lọ lójú títì ni ó ń dá dúró, ó sì ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Lójú tèmi, ọmọ tí ó bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, tí ó ń ya ọwọ́ àwọn tí ń ká pépà àti yíǹkì tó wà léèkánná wọn, sún mọ́ bàbá náà ju ẹni tí ó ya ìpàkọ́ ogún lọ.

Àwọn kan gbà á bẹ́ẹ̀. Ní 2001, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán Èkó kan ti pàdé ní Bàmákò, ní ilẹ̀ Málì, níbi tí ìpàtẹ àwọn ayàwòrán Áfíríkà ti ń wáyé láti 1994, wọ́n dá ẹgbẹ́ Depth of Field sílẹ̀, tí wọ́n ń tẹ́ iṣẹ́ wọn síwájú ara wọn láti fi àléébù rẹ̀ han ara wọn. Uche James-Iroha wà nínú wọn, Kelechi Amadi-Obi wà nínú wọn, Amaize Ojeikere, ọmọ bàbá onírun, sì wà nínú wọn. Ìlú Èkó fúnra rẹ̀, títì rẹ̀ àti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ín, ni wọ́n sì dojú kọ. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Leonce Raphael Agbodjelou kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ Joseph Moïse, tí ó ti jẹ́ onífótò ìlú náà ṣáájú. Ọmọ wá gbé kámẹ́rà lọ síwájú àwọn Egúngún, ó sì yà wọ́n ní àwọ̀ mèremère.

Ohun tí ó ń dà mí láàmú nínú gbogbo rẹ̀ ni négátíìfù, èyí tí a fi ń tẹ fótò sórí pépà. Alonge kó tirẹ̀ pamọ́, ti gíláàsì àti ti fíìmù, ìdí sì nìyẹn tí iléeṣẹ́ Smithsonian fi lè pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Washington ní 2014, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún kan náà tí Ojeikere pàápàá fi ayé sílẹ̀. Àwọn onífótò àdúgbò kò rí Smithsonian. Nígbà tí kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé, tí owó ìsọ̀ ń ga sí i, ohun tí ó wà nínú páálí lẹ́yìn kọ́tínnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà nù, òjò Èkó àti ikán sì ń jẹ ìyókù. Bí ọmọ-ẹ̀kọ́ kan ní Gbàgádà bá sì bá négátíìfù kan pàdé lọ́wọ́ bàbá tí ó ti fẹ̀yìntì, kí ó mú un dání ní etí, kí ó má fi ìka kan àárín rẹ̀, kí ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, kí ó sì béèrè orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ kí ó tó béèrè irú kámẹ́rà tí wọ́n fi yà á, nítorí a lè rí kámẹ́rà náà rà ní ibòmíràn, ṣùgbọ́n orúkọ náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bàbá yẹn nìkan ni ó kù tí ó mọ̀ ọ́n.