Láti Èbúté Lekki sí Lomé: jíjìn ọ̀nà àti àkókò ìrìn àjò

Èbúté Òkun Jíjìn Lekki wà ní Ìbẹ̀jú-Lekki, ìpínlẹ̀ Èkó. Láti ibẹ̀ dé èbúté Lomé ní orílẹ̀-èdè Tógò tó nǹkan bíi kìlómítà 300, tí a bá fi ìlà tààrà wọ̀n ọ́n lórí àwòrán ilẹ̀. Gbogbo etíkun orílẹ̀-èdè Benin ló wà láàrin àwọn méjèèjì.

Òfurufú

Kò sí pápákọ̀ òfurufú ní èbúté náà. Èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ kọ́ sí ìhà Lekki àti Ẹ̀pẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ìkẹjà ni èèyàn yóò kọ́kọ́ lọ, sí pápákọ̀ Murtala Muhammed. Láti ibẹ̀ dé Lomé tó kìlómítà 230, bàálù a sì máa lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Aago Tógò fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó gbéra l'Ékòó láago mẹ́wàá àárọ̀ lè balẹ̀ sí Lomé nígbà tí aago ibẹ̀ ṣì ku ìṣẹ́jú 15 kó lu mẹ́wàá. Ibi tí àkókò ń bá lọ ni kí èèyàn tó wọ bàálù: bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá dé sí Ajah, wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lọ lójú pópó nìkan.

Orí ilẹ̀

Ọ̀nà náà gba Ẹlẹ́kọ̀, Sángótẹ̀dó àti Ajah já sí Erékùṣù Èkó, kó tó kọjá Mile 2 àti Àgbádárìgì dé ẹnubodè Sèmè. Lẹ́yìn náà ni Cotonou, Ouidah, Hilla-Condji àti Aného. Iye kìlómítà rẹ̀ kò rí bákan náà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ní èbúté náà fi 50 jìnnà sí Èkó, àwọn mìíràn ní 65 tàbí 70. Ó dà bíi pé ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà ló fa ìyàtọ̀ yìí, nítorí Erékùṣù àti Ìkẹjà kì í ṣe ọgbọọgba. Tí a bá fojú bù ú, gbogbo ìrìn àjò náà dé Lomé wà láàrin kìlómítà 320 sí 350. Wákàtí rẹ̀ dọwọ́ ẹnubodè. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ti Sèmè pa, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i.

Ojú òkun

Nǹkan bíi 160 máìlì orí òkun ni. Ọkọ̀ tó ń sáré máìlì 13 ní wákàtí kan yóò dé é láàrin wákàtí 12 sí 13, láìka àkókò tó fi ń dúró kí àyè ìgúnlẹ̀ tó ṣí. Jíjìn omi ló sọ ọ̀nà kékeré yìí di ọ̀nà ńlá. Nǹkan bíi mítà 13.5 ni ti èbúté Àpápá l'Ékòó, èyí kò sì gba àwọn ọkọ̀ kọ̀ntẹ́nà tó tóbi jù. Lomé ní ju mítà 16 lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ntẹ́nà tí Nàìjíríà ń retí ni ọkọ̀ ńlá ń já sí Lomé, tí ọkọ̀ kékeré á tún wá kó o lọ sí Èkó: olówó ẹrù ni yóò sì san owó ìrìn méjèèjì.

Mítà 16.5 ni wọ́n gbẹ́ ti Lekki sí. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2023, iṣẹ́ òwò sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà. Iṣẹ́ náà ná wọn ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là. Ilé-iṣẹ́ Tolaram àti ilé-iṣẹ́ China Harbour ló ni ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ Èkó ní 20, Àjọ Èbúté Nàìjíríà sì ní 5. Kọ̀ntẹ́nà mílíọ̀nù 1.2 lọ́dún ni wọ́n ṣètò ìpele àkọ́kọ́ fún. Kọ̀ntẹ́nà tó bá sọ̀ sí Lekki tààrà kò nílò Lomé mọ́, àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ ló ń kó o kúrò níbẹ̀, nítorí rélùwéè kò tíì wọ èbúté náà.