Bí Sẹ́ẹ̀lì Ṣe Ń Gbó: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ sí Awọ Ara Wa àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Igbókòdá lọ sí ìhà Zion Pepe, ní etí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, mọ̀ pé kò sí ibòòji lójú omi. Oòrùn ń ta láti òkè, ìfòfó omi òkun àti iyanrìn etí òkun sì tún ń dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sí ènìyàn lójú. Apẹja tó ti ń na àwọ̀n láti kékeré, kó tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ àti iwájú orí rẹ̀ á ti hunjọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo awọ itan rẹ̀ tí ṣòkòtò máa ń bò, ó ṣì ń dán. Ara kan náà ni, ọjọ́ orí kan náà ni. Kí ló dé tí apá kan fi gbó ju èkejì lọ?

Ọ̀nà méjì ni awọ ara ń gbà gbó. Ọ̀kan wá láti inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò ní kàn. Èkejì wá láti òde: oòrùn, èéfín, sìgá, àti ohun tí a ń fi pa ara.

Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí a fi kọ́ ara gbogbo ohun abẹ̀mí, ojú lásán kò lè rí wọn. Ní ìpele òkè awọ, sẹ́ẹ̀lì tuntun máa ń ti ìsàlẹ̀ jáde, ti àtijọ́ á kú, á sì ṣí dànù. Lára ọ̀dọ́, nǹkan bí oṣù kan ni ìpààrọ̀ yìí ń gbà. Lára àgbàlagbà, ó ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí egbò bàbá àgbà kì í fi í tètè jiná bíi ti ọmọ ọmọ rẹ̀. Ní ìpele ìsàlẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní fibroblast wà. Iṣẹ́ tiwọn ni láti máa hun kọ́lájìn, okùn tó ń mú awọ le, tó sì ń mú un nà. Ará Ìlàjẹ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: bí okùn àwọ̀n bá ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ti rẹ ẹni tó ń tún un dì, àwọ̀n náà á dẹ̀.

Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ gbà pé sẹ́ẹ̀lì lè máa pín sí méjì títí ayé. Ní 1961, Leonard Hayflick àti Paul Moorhead ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n tọ́jú sínú ìgò pín tó nǹkan bí ìgbà àádọ́ta, ó sì dúró. Ìdí rẹ̀ ni pé ní orí àwọn okùn DNA inú sẹ́ẹ̀lì ni ìdérí kan wà, telomere lorúkọ rẹ̀, ó dà bí ike tó wà ní ẹnu okùn bàtà. Ní gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín, ìdérí yìí ń kúrú sí i. Iṣẹ́ lórí rẹ̀ ló mú kí Elizabeth Blackburn, Carol Greider àti Jack Szostak gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009.

Èyí tó ṣòro níbẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó kì í sábà kú. Á jókòó síbẹ̀, á máa da àwọn èròjà tó ń jẹ kọ́lájìn sílẹ̀, á sì máa ba àwọn aládùúgbò rẹ̀ jẹ́. Oògùn tí yóò máa pa irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nìkan ni àwọn onímọ̀ ń wá báyìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín lọ́jà, ó ṣì wà lẹ́nu ìwádìí.

Oòrùn ń mú gbogbo èyí yá. Ìtànṣán UVB ń jó òkè awọ, UVA sì ń wọlé dé ibi tí kọ́lájìn wà. Mẹ́lánìn tó sọ wá di dúdú jẹ́ ààbò tòótọ́: ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 1979 rí i pé awọ dúdú ń dí oòrùn bíi ti ìpara oníye 13, nígbà tí ti òyìnbó jẹ́ nǹkan bíi 3. Nítorí náà ni a kì í fi í tètè hunjọ. Àwọn àfín wa kò ní ààbò yìí rárá, etí òkun sì le fún wọn ju fún ẹnikẹ́ni lọ.

Àwọn ìyá tó ń yan ẹja náà ní tiwọn. Ní 2010, ìwádìí lára àwọn obìnrin 400 ní Jámánì fi hàn pé àmì dúdú ojú pọ̀ sí i níbi tí èéfín bá ti pọ̀. Èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ nìyẹn o, ẹ wá wo ẹni tó ń dúró lójú ààrò lójoojúmọ́. Ooru iná náà lè fa ilà dúdú bí àwọ̀n sí ojúgun ẹni tó ń jókòó tì í fún ọdún púpọ̀.

Kí ni ìtọ́jú? Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí a máa wá oògùn sí àìsàn, ó sì yọ ogbó sílẹ̀. Dídín ìbàjẹ́ kù ló wà lọ́wọ́ wa. Ní Nambour, Australia, wọ́n tọpa àgbàlagbà 903 fún ọdún mẹ́rin àbọ̀. Ní àbájáde tó jáde ní 2013, gbígbó awọ fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kéré lára àwọn tó ń fi ìpara adènà oòrùn pa ara lójoojúmọ́. Ìpara náà wọ́n, apẹja tí kò bá sì lágbára rẹ̀ lè fi akẹtẹ̀ àti ẹ̀wù alápá gígùn ṣe é. Àwọn ìyá oníhíjáàbù ti ní apá kan ààbò náà tẹ́lẹ̀. Fún awọ tó gbẹ tó ń yún, ẹ fi òrí tàbí vaseline pa á kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán lára. Tretinoin, tí ìwádìí Albert Kligman mú gbajúmọ̀ ní 1986, lè mú kí kọ́lájìn tún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n dókítà ni kó kọ ọ́, aláboyún kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìpara bíbóra ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ọ̀pọ̀ ń rà á nítorí àmì dúdú tí oòrùn fi sílẹ̀. Clobetasol inú rẹ̀ ń dá iṣẹ́ fibroblast dúró, awọ á sì fẹ́lẹ́ bíi bébà. Bí ẹni náà bá nílò iṣẹ́ abẹ, okùn tí dókítà fi rán an lè má dì í mú. Hydroquinone tí a lò fún ọdún púpọ̀ ń sọ ojú di dúdú bí aró, èyí tí Findlay ti ṣàlàyé ní South Africa láti 1975. Mẹ́kúrì, tí NAFDAC ti fòfin dè, ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó ra ọ̀dọ́ lọ́jà ló wá gba ogbó délé yẹn.

Kì í ṣe gbogbo àyípadà awọ ni ogbó o. Jẹjẹrẹ awọ tó burú jù lára aláwọ̀ dúdú sábà máa ń yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí abẹ́ èékánná. Irú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀, ló pa Bob Marley ní 1981, ẹni ọdún 36 péré. Apẹja tó ń rìn láìwọ bàtà lè rò pé ìkarahun ló gún òun. Nígbà tí ẹ bá ń fọ ẹsẹ̀ fún àlùwàlá, ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ìka wò. Àmì dúdú tó ń tóbi, ilà dúdú tuntun lábẹ́ èékánná kan ṣoṣo, egbò tí kò jiná lẹ́yìn oṣù kan, tàbí egbò àtijọ́ tàbí àpá iná tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Igbókòdá, wọn yóò sì kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó bó bá yẹ.