Òṣómàáló: Àwọn Tí Wọ́n Ń Tajà fún Ẹni Tí Wọn Kò Mọ̀ Rí

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ẹ̀dá tí í gba ọmọnìkejì gbọ́ kí ó tó rí ìdí tí yóò fi gbà á gbọ́, ẹ̀dá tí í jí lówùúrọ̀ tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé òní yóò sàn ju àná lọ, kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Kí ó wádìí àwọn Ìjẹ̀ṣà ọmọ Ọbòkun, tí wọ́n gbé ẹrù aṣọ lérí, tí wọ́n ń tà á láwìn káàkiri ilẹ̀ onílẹ̀, tí ayé sì mọ̀ sí òṣómàáló.

Ogun Kírìjì, tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà, bẹ́ sílẹ̀ ní 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn jagunjagun tó tú bùdó ká. Nígbà tí ọ̀nà wá là, tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì dé Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Iléṣà olú ìlú Ìjẹ̀ṣà, ní 1907, aṣọ òyìnbó di ohun tí ọmọ tálákà náà lè rà kó sì tún tà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà gbé e, wọ́n gba Èkìtì lọ, wọ́n wọ Àkókó àti Ìgbómìnà, àwọn mìíràn sì dé ilẹ̀ Nupe. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti jọ jagun lábẹ́ Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, mo sì rò pé ẹni tí ó ti bá ènìyàn gbé ní bùdó ogun kò ní ṣòro fún un láti fi aṣọ sílẹ̀ ní ilé rẹ̀.

Bí òwò náà ti rí nígbà náà nìyí. Àgbẹ̀ kì í ní owó lọ́wọ́ àfi nígbà ìkórè, bẹ́ẹ̀ ni ìgbéyàwó àti òkú àgbà kì í dúró de kòkó kí ó pọ́n. Òṣómàáló a dé, a tú ẹrù sílẹ̀, a yọ aṣọ fún ẹni tí kò rí rí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà, láìsí onídùúró, láìsí ìwé, orúkọ ọkùnrin náà àti ti agboolé rẹ̀ nìkan ni yóò fi sọ́kàn, a sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Owó aṣọ àwìn ga ju ti ẹni tí ó san án lójú ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni oníbàárà yóò sì máa san án bí ọlọ́jà bá ti ń padà wá. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ni òwò yìí máa ń dùn mọ́ jù, nítorí pé ẹni tí ó bá ti pè é ní ọ̀rẹ́, tí ó sì fún un lómi mu, ẹni rere ni lójú rẹ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ìgbà tí ó bá padà dé tí onígbèsè ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, tí ìyàwó ń sọ pé baálé òun wà lóko, tí ọmọ kékeré sì ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ju òwò sílẹ̀, wọ́n ní ènìyàn burú. Àwọn tí wọ́n dúró kò dẹ́kun àwìn títà, nítorí ẹni tí kò bá tà láwìn kò ní rí ọjà tà. Ojú ni wọ́n là. Wọ́n kọ́ láti kọ́kọ́ wo oko kí wọ́n tó wo ẹnu, láti mọ baálé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tà létí ará ilé, láti mọ oṣù tí àgbẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan máa ń ta irè rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá sì gbéṣẹ́, wọn a dé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè: àwọn mìíràn a dákẹ́, àwọn mìíràn a sì la ẹnu tí ó mú ju abẹ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní dìde àfi tí wọ́n bá gba owó. Aládùúgbò ń kọjá, ó ń wò. Ìdílé ni yóò sáré dá owó jọ. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Onígbèsè pàápàá mọ̀ pé aṣọ ọdún tí ń bọ̀ wà nínú ẹrù ọkùnrin yìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìlóṣòó yìí sí ìwà ọ̀dájú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ojú ṣì lè ti ọmọnìkejì nìkan ni yóò fi wákàtí mẹ́ta jókòó lórí gìgísẹ̀ rẹ̀ dè é. Ẹni tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, ilé ẹjọ́ ni yóò gbà lọ, tàbí kí ó má tilẹ̀ tajà fún un rárá. Ìgbàgbọ́ tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gbé kúrò nílé kò kú, ó gbọ́n ni.

Nígbà tí owó kòkó wó lulẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ìlóṣòó pàápàá kò rí owó fà jáde lápò ẹni tí kò ní. Síbẹ̀ àwọn òṣómàáló forítì í. Lẹ́yìn ogun Hitler, ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé aṣọ dé ìlétò, ṣọ́ọ̀bù ń ṣí, èrè àwìn sì ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Iléṣà àti owó ilé-ìwé fún àwọn ọmọ tí wọn kò ní lóṣòó láéláé. Àwọn aládùúgbò wa ṣì ń fi orúkọ òṣómàáló bú Ìjẹ̀ṣà nígbà mìíràn. Bí ẹnì kan bá tún pè ọ́ bẹ́ẹ̀, bi í léèrè bóyá wọ́n ti san owó aṣọ tí bàbá rẹ̀ fi gbéyàwó tán.